Bí Onítípà Ṣe Dí Ọ̀nà Òkun

Nígbà tí omi òkun wọ yàrá Aránṣọ lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan, kò pariwo, kò sì sunkún. Ó ká ṣòkòtò oníbàárà kan tó ń rán lọ́wọ́ sórí tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé orí àpótí, ó wá pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù pé kó máa gbé mọ́tò bọ̀. "Ó ti tó," ni gbogbo ohun tó sọ.

Àbúrò rẹ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Onítípà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa típà kó tó fẹ̀yìn tì, yanrìn etí òkun nìkan ló sì kó ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí òpópónà kan nínú ìlú náà tí kò ní ilé tí òun kó yanrìn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká, kálukú wà nílé ọkọ tàbí níbi iṣẹ́. Òun nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́ta, òun àti rédíò kan tí kì í pa, àti mọ́tò akẹ́rù kékeré kan tí ìlẹ̀kùn awakọ̀ rẹ̀ kì í ṣí láti inú.

Nígbà tó débẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí bíríkì kan. Nínú yàrá, omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ewéko òkun lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹja kéékèèké mẹ́ta sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri lábẹ́ tábìlì ìránṣọ bí ẹni pé àwọn ló kọ́lé. Onítípà wò wọ́n. Ó káṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù.

Ẹni méjì tó ti dàgbà, tí kálukú ti mọ bó ṣe ń ṣe ilé ara rẹ̀, kò rọrùn kí wọ́n wá pa pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Aránṣọ pa rédíò. Ó kó ìwé ìròyìn ọdún mẹ́ta tó wà lábẹ́ àga dànù. Ó ní àbúrò òun kì í fọ abọ́, ṣe ló kàn ń kí wọn. Onítípà náà ní ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún láàárọ̀ kùtù burú ju ẹ́ńjìnì típà lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jà náà ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ilé tó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́rin sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn èèyàn nínú.

Oṣù kejì tó dé ni Aránṣọ ka ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń wá àwọn tó lè yọ̀ǹda ara wọn ní gbogbo Sátidé láti tún igi gbìn sí etí omi. Ìgbà kan wà tí irú igi yìí kún gbogbo ẹ̀bá òkun náà. Igi ẹlẹ́sẹ̀ làwọn àgbà ń pè é, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ lójú kan. Ṣe ló ń na ẹsẹ̀ jáde láti ara igi, tí yóò wá gbé e dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè kó má baà tutù. Láàárín àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ni akàn ń gbé, ibẹ̀ lọmọ ẹja ń sá sí, ibẹ̀ sì ni agbára ìgbì ti máa ń tán. Wọ́n gé e dáná, wọ́n gé e ṣe òpó ilé, wọ́n tún kó yanrìn tó wà níwájú rẹ̀ lọ, títí tí kò fi ku ẹyọ kan.

Onítípà ní ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbàgbé pé òun àbúrò rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin. Ó ní ta ló ń fi igi dá òkun dúró. Aránṣọ ní òun kò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbin igi, mọ́tò rẹ̀ lòun ń bẹ̀. Bí kò bá gbé òun lọ, òun á fẹsẹ̀ rìn, gbogbo àdúgbò á sì máa bi òun lójú ọ̀nà pé àbúrò yín dà. Onítípà mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Bó ṣe di awakọ̀ Sátidé nìyẹn. Yóò gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé etí ẹrẹ̀, yóò gbé gíláàsì mọ́tò sókè, yóò sì tẹ́ ìwé ìròyìn síwájú. Tíṣà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí aago ń lé, wá kan gíláàsì náà títí Onítípà fi ṣí i, ó fún un ní fọ́ọ̀mù kan pé ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ló wá kà. Onítípà kọ orúkọ, ó kọ iṣẹ́ tó ṣe rí, ó kọ ọjọ́ orí. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn béèrè pé kí ló mú un wá. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

Àwọn yòókù ní èsì tiwọn, ohùn wọn sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò. Onígbàjámọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́, ní dókítà ló sọ fún òun pé kí òun máa rìn kí ẹ̀jẹ̀ ríru lè lọ sílẹ̀. Ìrìn yẹn lòun ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ tí wọ́n fi na ṣọ́bìrì sí òun, dókítà kò sì mẹ́nu kan ṣọ́bìrì rárá. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà ní ibẹ̀ nìkan ni ibi tí kò ti sí ẹni tó ń fi aago pe òun. Tíṣà fúnra rẹ̀ sọ pé òun ní kí àwọn ọmọ kíláàsì òun ya akàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yà á ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan tilẹ̀ fi ìrù sí i. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín ilé wọn àti òkun. Ó ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n bi Aránṣọ, ó ní, "Òkun wọlé mi láìkanlẹ̀kùn. Èmi náà fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn tirẹ̀."

Ní Sátidé kẹrin, Onígbàjámọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ títí dé itan. Èèyàn mẹ́rin dì í mú, wọ́n ń fà á bí ẹni fa iṣu jáde, bí wọ́n ṣe ń fà á náà ló ń rì sí i. Onítípà wò wọ́n lórí ìwé ìròyìn títí, kò lè fara dà á mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi yọ típà nínú ẹrẹ̀, kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń fi agídí yọ nǹkan rí. Ìlẹ̀kùn kò ṣí, ló bá gba ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jáwọ́. Ó tẹ́ pákó méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, kó máa mi ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, kí omi lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Onígbàjámọ̀ fi jáde. Bàtà rọ́bà rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún akàn.

Onítípà kò padà sínú mọ́tò mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní ṣòkòtò òun ti dọ̀tí, kò sì yẹ kí òun gbé e jókòó sórí àga. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ṣòkòtò tó ti gbó ló wọ̀ wá láti ilé.

Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọ̀gbìn nínú ọ̀rá dúdú, ẹgbẹ̀fà ni wọ́n, kálukú gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbìn wọ́n tán. Onítípà a máa wò wọ́n bó ṣe ń lọ sílé, gbogbo wọn tò lọ bẹẹrẹbẹ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà, inú rẹ̀ a sì dùn ní ọ̀nà kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òṣùpá di àrànmọ́jú, omi kún kọjá bó ṣe máa ń kún, nígbà tó sì fà padà, ọ̀gbìn tó kù nílẹ̀ kò pé ogójì.

Wọ́n tún òmíràn tọ́, wọ́n tún wọn gbìn, wọ́n fi igi gún ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi okùn dè é. Omi tún kó wọn. Àwọn tó ń wá ní Sátidé, tí wọ́n jẹ́ márùndínláàádọ́ta níbẹ̀rẹ̀, wálẹ̀ di ogún, wọ́n wálẹ̀ di mọ́kànlá. Tíṣà kò sọ pé ó ti sú òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń pe orúkọ, tí ẹni tó pè kò dáhùn, ó máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó kọjá sórí èyí tó kàn, ìdúró yẹn sì ń dun gbogbo wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Onítípà lọ sí etí ẹrẹ̀ lóun nìkan nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń ṣe é. Ó dúró lórí òkúta kan, ó ń wo iwájú. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Omi kò gba gbogbo iwájú wọlé. Òkìtì yanrìn tó kù ní ẹ̀bá òkun, bó tiẹ̀ rẹlẹ̀, ṣì ń dá a dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ojú kan ṣoṣo ló ti ń wọlé, níbi tí òkìtì náà ti já bí eyín tó yọ, ó sì ń rọ́ gba ibẹ̀ bí èrò tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́. Bó bá ti wọlé tán, a yí sọ́wọ́ òsì, a sì gbá gbogbo ibi tí wọ́n gbin igi sí mọ́lẹ̀ kó tó kọrí sí òpópónà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó mọ ojú ibẹ̀. Kò tilẹ̀ nílò láti sún mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Òkìtì yanrìn ọ̀hún ga ju orí èèyàn lọ, koríko bò ó, kò sì sí mọ́tò tó lè kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni típà máa ń dúró sí, tí àwọn alágbàṣe yóò máa fi agbọ̀n ru yanrìn wá. Ìrìn mẹ́fà ni awakọ̀ tó bá yára lè rìn lójúmọ́. Òun ló wò ó lọ́jọ́ kan tó ní kí ló ń jẹ́ ìyà yìí. Ó fi ẹ̀yìn típà ya lu òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ọ̀nà fi là gbọọrọ dé etí omi. Ìrìn méjìdínlógún ni wọ́n rìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé e sókè lérí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Onítípà, bí ẹni pé kò sí awakọ̀ típà mìíràn láyé, orúkọ náà sì ti dùn mọ́ ọn nínú láti ìgbà náà wá.

Ó wa mọ́tò délé jẹ́ẹ́jẹ́. Aránṣọ wà nínú ilé ìdáná, ó ń mu tíì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "èmi ni mo la ọ̀nà yẹn."

"Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ yàrá yín."

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ohunkóhun pamọ́, kò yọ bí wọ́n ṣe gbé e sókè lérí kúrò níbẹ̀, kò sì sọ pé òun kò mọ̀ nígbà náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò mọ̀. Aránṣọ gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ó wò ó títí, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n gé kúrú jù. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún. Onítípà fọ gbogbo abọ́ inú ilé, ó tún wọn fọ̀, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ohun tó le fún un tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ń jẹ búrẹ́dì nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde wá, tó fa àga jókòó níwájú rẹ̀.

"Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?" ló bi í.

"Kí ni, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ihò tí o dá sí etí òkun. Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

Onítípà ní ìgbà tí òun ṣí i, ó fẹ̀ tó típà méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n omi ti jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ìgbà náà, yóò ti tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí. Aránṣọ lọ mú téèpù àti pẹ́ńsùlù tó fi ń sàmì sí aṣọ wá. Ó ní kó máa sọ bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe nípọn nísàlẹ̀, òun ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kàlẹ́ńdà. Ó ṣírò díẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"O ṣí i, wàá dí i," ló wí. "Èmi á rán àpò. Àpò ẹgbẹ̀rin ló máa gbà."

Lẹ́yìn èyí ló na ọwọ́ mú búrẹ́dì kan nínú àwo àbúrò rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Onítípà mọ̀ pé ó ti parí.

Èyí tó kù ni kó sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ní Sátidé, lẹ́yìn tí Tíṣà pe orúkọ tán, ó bọ́ síwájú àwọn mẹ́wàá tó wá. Ó sọ ọ́ fún wọn bó ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó parí, Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. Tíṣà ń wo apá ibi tí òkìtì yanrìn ti já, bí ẹni pé ṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lójú rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, yanrìn yín ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹni tí kì í bá sùn sórí yanrìn yẹn nínú wa, kó nawọ́."

Kò sí ẹni tó nawọ́.

Tíṣà wá ní ọdún méjì lòun ti fi ń ka ìwé lórí ibi tí omi ń gbà, òun kò mọ̀ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ka ìwé ìròyìn nínú mọ́tò. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Onítípà náà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ Mọ́ńdè.

Láti ọjọ́ náà lọ, iṣẹ́ yí padà. Aránṣọ ránṣẹ́ pe àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, mẹ́sàn-án nínú wọn ló wá, àwọn mìíràn ti di ìyá àgbà. Aṣọ líle tí wọ́n fi okùn àgbọn hun ni wọ́n fi ń rán àpò náà, kí ó lè jẹrà sínú ilẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò koríko tí wọ́n fẹ́ gbìn sórí rẹ̀ bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn bí igi ṣáná. Pálọ̀ Onítípà kún fún òkìtì àpò débi pé fèrèsé ló ń gbà wọ yàrá rẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì ní ó ti mọ́ òun lára.

Òun náà jókòó ti fóònù, ó ń wá àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Méje ló rí. Ọ̀kan ń fi ọ̀pá rìn. Òmíràn, ojú rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, ó ní òun kò ní wakọ̀, òun á kàn máa dúró lẹ́yìn kí òun máa pariwo "máa bọ̀, máa bọ̀" fún ẹni tó bá ń fẹ̀yìn rìn. Ọmọ ẹnì kan lára wọn ló yá wọn ní típà. Òkìtì yanrìn ńlá kan sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi ilé kan tí wọ́n pa tì láti ogún ọdún sẹ́yìn. Onítípà mọ òkìtì náà dáadáa, òun ló dà á síbẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ní kí wọ́n bá òun kó o, àwọn ejò ti sọ ọ́ di ilé.

Nígbà tí wọ́n di ẹrù àkọ́kọ́ tán, àwọn awakọ̀ méje náà ní kí Onítípà gun orí ìjókòó awakọ̀. Ó gùn ún. Ó wa típà náà la àárín ìlú kọjá, ẹ́ńjìnì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń kùn láyé àtijọ́. Nígbà tó yí sí ọ̀nà òkun ló tó yé e ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń wakọ̀, òfìfo ló máa ń gbé lọ sí òkun, ẹrù ló máa ń gbé bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé nínú ayé rẹ̀ tó ń gbé ẹrù lọ, tí yóò sì padà lófìfo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lóun nìkan níbẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ẹnu ihò náà tó fẹ̀yìn wọlé, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dún lẹ́yìn pé máa bọ̀, máa bọ̀, ó tẹ bọ́tìnì, yanrìn sì ya wálẹ̀ wàà.

Ariwo iṣẹ́ náà pe àwọn èèyàn padà. Ẹni tó ti lọ tún wá, ó mú ẹ̀gbọ́n wá, ó mú ìyá ọkọ wá. Sátidé mọ́kànlá ni wọ́n fi to àpò ní ìlà méjì, tí wọ́n da yanrìn sáàárín rẹ̀, tí wọ́n sì gbin koríko onígbòǹgbò gígùn bo gbogbo rẹ̀ lórí. Wọ́n wá tún ọ̀gbìn ẹgbẹ̀fà gbìn sẹ́yìn rẹ̀. Òṣùpá tún di àrànmọ́jú. Omi tún kún. Ní ọjọ́ kejì, Tíṣà ń rìn láàárín àwọn ìlà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, gbogbo wọn dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ń wò ó. Ó kà á tán, ó padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò lè sọ̀rọ̀ kíákíá bó ṣe máa ń ṣe.

"Mọ́kàndínlógún péré ló lọ," ló wí.

Ọdún kan yí po. Igi ga dé àyà. Ní ara àwọn kan, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ti na jáde, ó tẹ̀ wálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Akàn dé, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Tíṣà kó kíláàsì rẹ̀ wá wò wọ́n, àwọn ọmọ náà ka ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, mẹ́wàá ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kejì, rédíò kéde pé ìjì ńlá ń bọ̀ láti ojú òkun. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè ló dé. Ojú ọ̀run di dúdú bí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gbé páànù, òkun sì ga lọ́nà tí Onítípà kò rí i rí. Ó ń ran àwọn ará òpópónà iwájú lọ́wọ́ láti kó ẹrù wọn lọ sókè nígbà tẹ́nì kan sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú yàrá rẹ̀ àtijọ́. Ó sáré débẹ̀. Aránṣọ ti ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu, ó jókòó sáàárín yàrá tó ṣófo, ó kọjú sí òkun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde ká lọ."

"Mi ò lọ. Jókòó."

"Omi ń bọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí i."

Onítípà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró tì í, ó di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, ó ti ń ro bí òun yóò ṣe gbé e kọ́rùn bó bá di dandan. Láti ojú ọ̀nà yẹn, gbogbo rẹ̀ hàn sí wọn. Ìgbì wá, ó lu òkìtì yanrìn, ó fò sókè funfun. Òmíràn wá, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó rékọjá orí koríko, omi ya wọ inú lọ́hùn-ún. Onítípà ti tẹ̀ ba láti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ fi ọwọ́ kan an lápá pé kó ní sùúrù.

Omi náà wọ àárín àwọn igi. Bó ṣe wọlé, ó ní ariwo, ó ní ìfófòó, ó ń sáré. Nígbà tó dé ìlà karùn-ún, ó ti ń rìn. Nígbà tó dé ìlà kẹwàá, ó ti ń wá ọ̀nà bíi àlejò tí kò mọ ilé. Ó yọ lẹ́yìn ìlà tó gbẹ̀yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹrẹ̀, kò kọjá ibẹ̀. Òmíràn tún wá, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni òkun fi jà. Àwọn igi ń tẹ̀, wọ́n ń dìde, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń dìde, òpópónà sì wà bó ṣe wà, òjò nìkan ló rin ín.

Àwọn ará àdúgbò tó ti sá lọ sókè ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò, ẹni gbé máátírẹ́ẹ̀sì lérí, ẹni gbé ọmọ sẹ́yìn, gbogbo wọn ń wo omi tí kò wá. Onígbàjámọ̀ ń fọwọ́ lu èjìká ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn, ó ń sọ fún wọn pé èyí tó wà ní ìlà kẹrin, ẹ̀kẹta sí apá òsì, òun ló gbìn ín. Tíṣà ń sunkún bí ọmọdé, Nọ́ọ̀sì sì dì í mú.

Aránṣọ fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ó gbẹ. Ó gbé ọwọ́ náà sókè kí àbúrò rẹ̀ rí i, ó ń fi gbogbo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Onítípà," ló pè é, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi orúkọ yẹn pè é láti ọjọ́ ilé ìdáná. "O káre."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìwé orúkọ Tíṣà kún, ó ní láti lọ ra òmíràn. Èèyàn igba ó lé mẹ́rìnlá ló wá, ẹrẹ̀ sì kún fún èèyàn débi pé àwọn akàn sá wọ ihò. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn èèyàn wá láti etí òkun kejì, ibi tí omi ti gbé ilé mọ́kànlá lọ nínú ìjì kan náà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé bàbá kan wà tó mọ ibi tí típà ti la ọ̀nà.

Onítípà bá wọn lọ. Ó mọ ibẹ̀ náà, ó ti kó yanrìn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Èèyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún ló ń dúró dè é pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn nínú ṣòkòtò tó ti gbó, ó sọ fún wọn pé awakọ̀ típà lòun, òun wà lára àwọn tó kó yanrìn wọn, òun sì wá fi ojú ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó kọjú sí omi, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e.